Ẹrù Kékeré, Owó Kékeré: Bí A Ṣe Ń Di Àpò Ọdẹ

Àrìnpa o, ẹ̀yin ọdẹ, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ. Àpò la fẹ́ dì nínú fídíò yìí. A ò ní sọ̀rọ̀ ìbọn, a ò ní sọ̀rọ̀ àdá. Nǹkan wẹ́wẹ́ tí owó wọn ò tó nǹkan la kó sórí ẹní yìí, ẹ sì lè rà wọ́n tán ní ọjà Atakúnmọ̀sà ní Iléṣà níbí kí oòrùn tó mú. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣòfò nínú igbó Ìjẹ̀ṣà: omi, òkùnkùn, ariwo. Kí ohunkóhun tó wọ àpò yín, ẹ bi ara yín: ṣé omi ò ní bà á jẹ́? Ṣé ọwọ́ mi á bá a láìtan iná? Ṣé kò ní máa dún?

Ọ̀rá la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ọ̀rá dúdú ńlá méjì, kó nípọn. Ẹ ki ọ̀kan bọnú àpò kí ẹrù kankan tó wọlé, ẹnu rẹ̀ á yọ síta, gbogbo ẹrù á wà nínú rẹ̀. Àpò tí wọ́n bá ní omi ò lè wọ̀, ojú rírán rẹ̀ lomi máa ń gbà. Ẹ ká ìkejì pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀. Bí òjò bá dé, ẹ dá ihò orí àti ti apá sí i, ó di aṣọ òjò. Bí ẹran bá bọ́ sí i, ẹ̀jẹ̀ ò ní kan ẹrù yòókù. Èyí tó ń pariwo bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ má rà á. Ẹtu á ti lọ kí ẹ tó rí ìrù ẹ̀.

Ó kan rọ́bà inú táyà ọ̀kadà. Fọ́kanáísà á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá kí i dáadáa. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e níbùú, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìka kan. Á jáde bí òrùka. Mẹ́wàá tó. Ẹ lè fi de ẹnu ṣòkòtò mọ́ bàtà kí ìjàlọ àti eégbọn má ráyè gòkè. Rọ́bà yìí tún ń jó bí igi bá tutù. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ burú, ẹ má fi yan ẹran.

Ẹ wá wo ọwọ́ mi dáadáa níbi láítà yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Láítà ò gbọdọ̀ wọ àpò bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù bá tẹ ibi tí àtàǹpàkò ń tẹ̀, gáàsì á máa jò díẹ̀díẹ̀, tó bá dalẹ́, iná á kàn máa ta pàrà ni, kò ní jó. Ẹ gé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ há a sábẹ́ ibi títẹ̀ yẹn, kó má lè lọ sílẹ̀. Ẹ wá wé téèpù dúdú tí àwọn oníná ń lò mọ́ ìdí láítà, tó mítà kan. Bó bá ku wíwé ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ to abẹ́rẹ́ méjì sára rẹ̀, ẹ wé e bò: tín-ínrín fún ẹ̀gún, ńlá fún àpò tó bá ya. Téèpù yẹn fúnra rẹ̀ á lẹ bàtà tó bá là. Bí omi bá wọ láítà, ẹ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí aṣọ gbígbẹ títí á fi gbẹ.

Ẹ tún mú ìṣáná dání, sínú ìgò oògùn oníke tó ní ìdérí líle. Ẹ gé ojú tí wọ́n ń ṣá a sí lára páálí rẹ̀ sínú ìgò náà, kí ó kẹ̀yìn sí orí ìṣáná. Òwú tí ẹ fi fasilíìnì pa ni kẹ́ ẹ fi dí ibi tó ṣófo: kò ní jẹ́ kó máa dún, òun náà lẹ ó sì fi dáná. Ẹni tó bá rí ògùṣọ̀ gbígbẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ epo, ìkúnwọ́ kan nínú ọ̀rá kékeré dára ju òwú lọ.

Tọ́ọ̀ṣì orí ńkọ́? Lójú ọ̀nà, ẹ gé ọ̀rá pure water tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ki í sáàárín bátìrì àti irin tó ń kàn án. Bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ nínú àpò, kò ní tàn. Bátìrì àpamọ́ ò gbọdọ̀ fara kan irin, ẹ fi rọ́bà dè é sínú ọ̀rá tirẹ̀. Ẹ wá so tọ́ọ̀ṣì kékeré ara kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, torí bátìrì kì í ṣeé pààrọ̀ nínú òkùnkùn biribiri.

Téèpù tó ń dán lẹ́yìn tírélà yìí ló kéré jù lórí ẹní, òun ni mo sì kà sí jù. Ẹ gé e ní ìka mẹ́rin, ẹ rán an mọ́ ẹ̀yìn fìlà àti ẹ̀yìn àpò. Ẹ má kàn lẹ̀ ẹ́ lásán, òógùn á ká a. Ọdẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú ewé lálẹ́, ọdẹ mìíràn lè pè é ní ẹran; bí tọ́ọ̀ṣì bá bà á, téèpù á tàn. Èyí tó kù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹ́gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ, méjìlá, kí ẹ máa fi há ẹ̀ka igi bí ẹ ṣe ń wọ igbó. Ojú méjèèjì ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, torí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ó bá pàdé nígbà àbọ̀. Bí ẹ ti ń padà, ẹ máa ká wọn.

Fèrè oníke kan: ẹ̀ẹ̀mẹta ni fífun ìrànlọ́wọ́. ORS kan, ìyẹn oògùn ìyẹ̀fun tí à ń pò mọ́ omi fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ń tán: omi lítà kan lẹ ó fi pò ó.

Aṣọ ògbólógbòó tó gùn, ẹ mú méjì, torí ejò. Bí ejò bá buni jẹ, ẹ má sín in, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀, ẹ má so okùn mọ́ òkè ojú ibẹ̀. Ẹ yọ òrùka àti bàtà kúrò kó tó wú, ẹ fi aṣọ yìí de igi mọ́ ẹsẹ̀ náà kó má mira, kó má há jù, kí wọ́n gbé ẹni náà, kó má rìn, lọ sí ilé ìwòsàn bíi Wesley Guild ní Iléṣà.

Bí ẹ bá di í tán, láítà àti fèrè á wà ní àpò ẹ̀gbẹ́ kan náà nígbà gbogbo. Ẹ di ojú, kí ẹ mú wọn jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àpò kọ́ èjìká, kí ẹ fò lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ohun kan bá dún, ìgò ìṣáná ló sábà máa ń jẹ̀bi. Ẹ fi òwú kún un.