Ọ̀dà tí kò tán kò tíì dé ọwọ́ ọmọ

Ní Ọ̀yọ́ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, níwájú àwọn olùkọ́, òbí àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan tó ń múra láti kó ohun èlò ìyàwòrán fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ládùúgbò wọn. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá. Mo yọ àwàdà díẹ̀ kúrò, mo sì fi ìdáhùn ìbéèrè kan kún ìparí rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin tísà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìgò kékeré yìí ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Ẹ mì í wò. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Bí òkúta inú agolo ló ń ró. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá rí i ṣí, èmi ni mo máa san owó ọ̀kadà rẹ̀ padà sílé. Ọ̀dà aró ni, irú èyí tí a ń pè ní pósítà-kọ́lọ̀.

Ìgò mẹ́rìnlélógún ni wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n dé ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, pẹ̀lú pẹ́ńsù, búrọ́ọ̀ṣì àti ìdì kádíbọ́ọ̀dù méjì. Lọ́jọ́ náà, a lu agogo, a to àwọn ọmọ sórí ìlà, wọ́n kọrin kí àwọn olóore káàbọ̀, àwọn olóore ya fọ́tò. Wọ́n lọ tán, ọ̀gá wa ní kí a gbé páálí náà wọ ọ́fíìsì. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọ̀gá mìíràn ló wá ṣí i.

Ẹ má bá mi bú obìnrin náà o. Wọ́n ti béèrè àga mẹ́rin tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí, wọ́n sì bi í bí ẹni tó jí i. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ìyẹn, bó bá rí ohun tuntun, títì ló máa tì í. Èmi fúnra mi ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ tọrọ ọ̀dà yẹn. Ó ní kí n jẹ́ kó di ìgbà ìdánwò. Ìdánwò dé, àwa méjèèjì jọ ní kí a fi sílẹ̀ de àwọn alábẹ̀wò. Alábẹ̀wò dé, wọ́n wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n yìn wá pé a mọ nǹkan tọ́jú. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní tiwa, àgbàlagbà ló gbé e sórí pẹpẹ, tó sì káwọ́ gbera.

Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: oúnjẹ ni ọ̀dà. Àga tí ẹ bá fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, a fẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ọ̀dà tó bá pẹ́ nílẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀tù àwọ̀ ni wọ́n fi omi àti gọ́ọ̀mù pò tó di pósítà-kọ́lọ̀, omi yẹn sì ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, àgàgà nígbà ọyẹ́. Ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní acrylic tún le jù ú lọ, torí bí òun bá gbẹ pẹ́nrẹ́n, ó ti di ike nìyẹn, omi kò ní í tú u mọ́. Ọ̀dà olóròóro á ta awọ lójú bí ẹ̀kọ mímu tí a gbàgbé sórí tábìlì. Pẹ́ńsù àti kíréyọ̀n nìkan ló lè dúró dè wá, àmọ́ eku ilé-ẹ̀kọ́ wa kì í dá kíréyọ̀n sí.

Nígbà tí páálí kejì dé, láti ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn, mo ti gbọ́n. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni mo kó o wọ kíláàsì. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì kò tó wọn jókòó. Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fàmẹ́fà, mẹ́ta tó ṣẹ́kù ń pọn omi. Àfọ́kù igbá tí mo ṣà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fín igbá ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń po àwọ̀. Àwọ̀ mẹ́ta péré ni mo fún wọn: pupa, yẹ́lò àti aró.

Ẹ sì mọ̀ pé ní èdè wa, orúkọ àwọ̀ tó rinlẹ̀ jù kò ju mẹ́ta lọ: funfun, pupa, dúdú. Yẹ́lò wà lábẹ́ pupa, a á ní pupa rúsúrúsú. Ewé tútù àti aṣọ tó mu aró dáadáa, a lè pe méjèèjì ní dúdú, kò sì sẹ́ni tó máa bá wa jà. Àwọn kan máa ń fi èyí wọ́ èdè Yorùbá nílẹ̀ pé kò mọ àwọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín.

Ọmọbìnrin kan, kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ti ìka bọ yẹ́lò, ó tún fi ìka kan náà kan aró, ó wá rò wọ́n pọ̀ sínú igbá. Ó dákẹ́. Ó gbé igbá náà sún mọ́ ojú. Ó wá pariwo pé, "Tísà, ó ti di ewé!" Mo ní ewé wo? Ó wò ó, ó ní ewé ẹ̀gẹ́. Mo ní kó fi yẹ́lò kún un. Ó fi kún un, ó ní ó ti di ewé àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi aró lé e, ó ní ewé ọsàn. Wọ́n fi pupa bíńtín sí i, wọ́n jọ jiyàn títí, wọ́n fẹnu kò pé ewé mángòrò tuntun ni, èyí tó máa ń pọ́n díẹ̀ kó tó dúdú. Kí agogo tó lù, ẹgbẹ́ yẹn nìkan ti ka ewé méje fún mi. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti fi kọ́ni láti ọjọ́ yìí, n kò rí èyí tó to ewé báyẹn.

Ọmọkùnrin kan tún wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń fín igbá. Ó di búrọ́ọ̀ṣì mú bí ẹni di ọ̀bẹ mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ kádíbọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ bá a tún un ṣe, mo wá rí i pé ó ti ya òbìrí, ó sì ti pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ tó dọ́gba láìlo rúlà. Mo fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ìgò yẹ́lò méjì tán. Ọ̀gá yọjú, ó ní, "Háà, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìyá kan sì wá bá mi jà lọ́jọ́ kejì nítorí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ tó ti di ẹlẹ́wùú ẹtù. Ó jàre. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ àwọn bàbá kí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀tì àlòkù wọn ránṣẹ́, ọmọ á wọ̀ ọ́ lé aṣọ rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ní òfò la fi ìgò méjì yẹn ṣe, ẹ bá mi ka ìtàn Òṣogbo fún un. Láàárín 1962 sí 1964, àwọn òyìnbó méjì kan, Ulli Beier àti Georgina Beier, pẹ̀lú àwọn mìíràn, kó ọ̀dà àti pátákó síwájú àwọn ọ̀dọ́ tí kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan. Jimoh Buraimoh ń tan iná fún eré Dúró Ládiípọ̀ ni. Twins Seven Seven ń jó fún àwọn tó ń polówó oògùn ni. Buraimoh wá ń to ìlẹ̀kẹ̀ sínú àwòrán, ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Twins Seven Seven, UNESCO fi jẹ oyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà ní 2005. Mélòó ni pátákó tí wọ́n bà jẹ́ kí ọwọ́ wọn tó gún? Kò sẹ́ni tó kà á.

Ti Aina Onabolu, ayàwòrán, yàtọ̀ díẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní 1882. Àwòrán inú ìwé ló ń wò kọ́ ara rẹ̀ láti kékeré, kó tó lọ kàwé sí i ní London ní 1920. Ó padà wá, ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà káàkiri ilé-ẹ̀kọ́ Èkó, ó sì ń rọ ìjọba kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn kún un, títí Kenneth Murray fi dé ní 1927. Ọ̀rọ̀ títọrọ fún iṣẹ́ ọnà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ó ku ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi tísà. Wọ́n ti gbé ọ̀dà olóròóro wá fún mi rí, èyí tó wọ́n gan-an, láìsí tapẹntáìnì. Kí ni kí n fi fọ búrọ́ọ̀ṣì ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta? Ẹlòmíràn ra páálí aláràbarà tí àwọ̀ méjìdínláàádọ́ta wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìka ọmọ lọ. Àwọ̀ pupa, yẹ́lò, aró, funfun àti dúdú nínú ike ńlá ni kí ẹ rà, kí funfun sì jẹ́ ìlọ́po méjì, òun ló ń tètè tán. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ ju tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ọṣẹ kún un. Mo mọ̀ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì kò dùn ún fi ya fọ́tò, àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ẹ̀rọ omi kò lè fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe nǹkan kan láìsí i. Tí owó bá kù, ẹ má rà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ ní táámù kọ̀ọ̀kan sàn ju ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Àwọn kan nínú yín ti ń mi orí, wọ́n fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí a kò lo ohun tó wà nílẹ̀ wa. À ń lò ó. Èédú tí àwọn ọmọ mi fi ń ya àwòrán, àwa la ń sun ún: igi tẹ́ẹ́rẹ́ nínú agolo mílíìkì tí a dé, tí a fi ìṣó dá ihò kékeré sí lórí, a gbé e sínú iná títí èéfín kò fi jáde níbi ihò náà mọ́. Ẹ má ṣí i kó tó tutù, á di eérú. Erùpẹ̀ pupa, a gún un, a jọ̀ ọ́, a rẹ ẹ́ mọ́jú, a da ẹrẹ̀ kíkúnná tó wà lójú omi sínú abọ́ mìíràn kí yanrìn lè ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Bí ẹrẹ̀ náà bá sílẹ̀ tán, a ro ó mọ́ sítáàṣì. Ó dára gan-an, ó kàn jẹ́ pé lọ́jọ́ kẹta, òórùn rẹ̀ á lé yín kúrò ní kíláàsì. Ní Ilé-Ifẹ̀, Moyo Okediji, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà sílẹ̀ ní 1989, fi erùpẹ̀ ya àwòrán tó wọ gbọ̀ngàn ńlá. N kò fojú kéré erùpẹ̀.

Àmọ́ ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níbí. Ilẹ̀ fún wa ní pupa, ó fún wa ní pupa rúsúrúsú. Efun fún wa ní funfun, èédú fún wa ní dúdú. Ta ló fẹ́ fún wa ní aró? Inú ewé ẹ̀lú ló wà, ẹ sì bi àwọn ìyá aláró: gígún, sísá, rírẹ sínú omi eérú, ọjọ́ lórí ọjọ́. Tísà tó ní ìṣẹ́jú ogójì kò lè dá ìkòkò aró sílẹ̀. Ọmọ tí kò bá sì rí aró kò lè rí ewé méje. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi "ẹ lo ohun ìbílẹ̀" yẹ ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀, kó kọ́kọ́ ra aró wá. Iṣẹ́ ọnà wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, WAEC sì ní ìdánwò àfọwọ́ṣe fún un. Ìyà ńlá ni kó jẹ́ gbọ̀ngàn ìdánwò ni ọmọ ti máa kọ́kọ́ di búrọ́ọ̀ṣì mú.

Bàbá kan bi mí báwo ni àwọn tó dáwó ṣe máa mọ̀ pé wọn kò jí ọ̀dà tà. Ìbéèrè rere ni, torí ẹ̀rù rẹ̀ ló ti kọ́bọ́ọ̀dù wa. Mo ní kí wọ́n má béèrè àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ike òfìfo àti àwòrán ni kí wọ́n béèrè. Bí táámù bá parí tí ike ṣì kún, ìgbà yẹn ni kí wọ́n wá bi í ní ẹjọ́.

A túká tán, tísà obìnrin kan tó ń kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ìgò aró náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ṣé òun lè mú un lọ. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Kò dá mi lóhùn. Ọjọ́ kẹrin, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù mi: ó ti fọ́ ìgò náà sínú aṣọ, ó ṣa gbogbo àfọ́kù rẹ̀ kúrò, ó lọ aró gbígbẹ náà lórí ọlọ, ó fi omi àti gọ́ọ̀mù díẹ̀ pò ó. Kádíbọ́ọ̀dù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, àmì ọwọ́ ọmọdé aláró kún inú rẹ̀. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó kù dà?"