Bí ẹ ṣe lè fi kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, kí ẹ sì sùn sí àgọ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ yín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Lónìí a fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ká sì sùn sí àgọ́. Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni màá pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí òun ló ń dá ẹ̀mí sí níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ kẹ̀kẹ́ wò. Ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn báyìí. Bí ẹ bá gbọ́ kó-kó-kó lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, nǹkan ti dẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi sípánà dè é. Bí páàdì bíréèkì, ìyẹn ohun tó ń fún díìsì (àwo irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́) kí kẹ̀kẹ́ lè dúró, bá ti jẹ tó fi ku nǹkan bíi 1 mm, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Táyà tí kò ní túùbù, afẹ́fẹ́ 22 sí 28 psi (ìwọ̀n tí ẹ máa rí lára ohun tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó sanra tàbí tó ń lo túùbù á fi kún un, kí òkúta má baà há túùbù mọ́ ríìmù, kó sì di páńṣà. Akoto tó bo àgbọ̀n, ìbọ̀wọ́ àti ìbò orúnkún: ẹni tí kò bá ní wọn kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ẹ pàgọ́ ṣáájú kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, tí igi gbígbẹ kò sí lókè rẹ̀, tó sì jìnnà sí odò tó 60 mítà. Ẹ má sùn sójú odò tó gbẹ. Òjò lè rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, kí omi dé bá yín lóru láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan kán sí yín lórí. Ẹ já ẹrù sí àgọ́, torí kẹ̀kẹ́ tó rù ẹrù máa ń pẹ́ kó tó dúró.

Ó yá, ẹ rẹ ìjókòó sílẹ̀, ẹ dìde lórí pẹ́dàlì, kí méjèèjì wà lọ́gbọọgba. Ẹ tẹ gìgísẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣí ìgbọ̀nwọ́. Ẹ wo ọwọ́ mi: ìka kan ṣoṣo ló wà lórí bíréèkì, èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò. Àwọn yòókù di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

Bíréèkì iwájú ló lágbára jù. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé yóò gbé àwọn ṣubú, ni wọ́n bá ń fa tẹ̀yìn nìkan. Táyà ẹ̀yìn á há, á máa yọ̀, kẹ̀kẹ́ ò sì ní tètè dúró. Fífa ti iwájú lójijì ló ń gbé èèyàn ṣubú. Ẹ fún un díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọsàn tí kò fẹ́ kí kóró rẹ̀ jáde. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà. Bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ tú bíréèkì kí táyà lè di ilẹ̀ mú. Ẹ má sì fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìtú u. Díìsì á gbóná, òórùn páàdì tó ń jó á gba imú yín, bíréèkì á rọ̀ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gbóòórùn yẹn, ẹ dúró kó tutù, ẹ má fọwọ́ kan díìsì rárá!

Ẹ máa wo iwájú. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ òkúta máa ń gbá a ni.

Ẹni tó mọ ọ̀nà jù ni kó ṣáájú, ẹlòmíì tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa á kẹ́yìn pẹ̀lú àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́. Ní gbogbo oríta, aṣáájú á dúró títí ẹni ìkẹyìn á fi dé. Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an, torí ẹni tó ń rọra bọ̀ kò ní máa sáré ju agbára rẹ̀ lọ nítorí kí wọ́n má baà fi í sílẹ̀.

Ní àgọ́, ẹ jẹ́ kí omi odò hó fún ìṣẹ́jú 1 gbáko kí ẹ tó mu ún. Níbi tó ga ju 2,000 mítà lọ, ìṣẹ́jú 3, torí omi máa ń hó níbẹ̀ kó tó gbóná tó. Kí ẹ tó sùn, ẹ da omi síná, ẹ fi igi rò ó, ẹ tún da omi sí i, títí eérú á fi tutù débi tí ẹ lè fọwọ́ bọ̀ ọ́.