Kí Ìjọba Tó Béèrè Iye: SF 330 àti Owó Àwòrán Ilé

TÍTÍ: Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ bá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ ṣírò iye tó máa gbà.

DÀPỌ̀: Wàhálà àkọ́kọ́ nìyẹn. Láti 1972 tí Brooks Act ti di òfin, wọn kì í fi owó yan ayàwòrán-ilé tàbí ẹnjiníà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù ni wọ́n máa ń mú, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá jọ dúnàá-dúrà. Tí owó ò bá wọ̀, ó di ẹnì kejì.

TÍTÍ: SAM.gov, ìkànnì tí iléeṣẹ́ ti ń forúkọ sílẹ̀ kó tó lè bá ìjọba ṣiṣẹ́ ńkọ́?

DÀPỌ̀: Ọ̀fẹ́ ni, ọdọọdún la sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹni tó bá fi ímeèlì béèrè owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Kí orúkọ àti àdírẹ́sì iléeṣẹ́ bá ìwé tó wà lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ mu délẹ̀délẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á máa béèrè ìwé lọ́wọ́ yín títí gbèdéke á fi kọjá.

TÍTÍ: Ó yá, SF 330 fúnra rẹ̀, fọ́ọ̀mù tí ayàwòrán-ilé àti ẹnjiníà fi ń fi ìmọ̀ àti iṣẹ́ wọn han ìjọba.

DÀPỌ̀: Abala F àti G ni kẹ́ ẹ jókòó tì. F gba iṣẹ́ 10 tẹ́ ẹ ti ṣe rí. Ká ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn káàkiri ilé ìwòsàn ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀, tí àwọn aláìsàn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan á lọ fi ilé ẹ̀kọ́ gìrìwò tí wọ́n kọ́ lórí ilẹ̀ òfìfo síbẹ̀, torí pé fọ́tò ẹ̀ dára! Kí ni ìyẹn jọ? Iṣẹ́ kékeré nínú ilé ìwòsàn tí wọn ò tì pa ló yẹ kó wà níbẹ̀: bí ẹ ṣe pín in ní ìpele, bí eruku ò ṣe wọ wọ́ọ̀dù, iye tẹ́ ẹ fojú bù àti iye tó já sí.

TÍTÍ: G wá ni àtẹ tó ń tú àṣírí.

DÀPỌ̀: Òun gan-an! Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà iṣẹ́ 10 wà lókè, ẹ óò fi X sí èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá yín ṣe. Tí ìlà ẹnjiníà ẹ̀rọ bá ṣófo láti òpin dé òpin, wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni.

TÍTÍ: Ẹ jọ̀ọ́, IDIQ odindi, ìyẹn àdéhùn ńlá tí wọ́n ti ń fa oríṣiríṣi iṣẹ́ yọ, kì í ṣe iṣẹ́ kan o. Task order kan, ìyẹn iṣẹ́ kan pàtó tí wọ́n gbé fún yín lábẹ́ rẹ̀, ni kí èèyàn kọ.

DÀPỌ̀: Kó o tún un sọ! Owó wá kù. Lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ka ìjọba tí kì í ṣe ti ológun, òfin ní owó àwòrán àti ìwé àlàyé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ ju 6% iye tí wọ́n fojú bù pé kíkọ́lé máa jẹ́. Ilé mílíọ̀nù 5 dọ́là, 300,000 ni òpin ẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwọn ilẹ̀, yíyẹ erùpẹ̀ wò àti àbẹ̀wò nígbà ìkọ́lé ò sí nínú 6% yẹn. Ẹ kọ wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ ń jẹ ara ẹ̀ lówó.

TÍTÍ: Tí iye táwọn akọ́lé pè bá wá ju owó tí ìjọba yà sílẹ̀ lọ?

DÀPỌ̀: Ẹ óò tún àwòrán yà lọ́fẹ̀ẹ́.

TÍTÍ: Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Tó bá ṣe pé irin ló gbówó lórí lójijì ńkọ́?

DÀPỌ̀: Ohun tí agbára yín ò ká ò sí lọ́rùn yín, ṣùgbọ́n ìwé ló máa gbà yín. Ẹ ṣírò owó nígbà tí àwòrán bá dé 35%, kẹ́ ẹ tún un ṣe ní 65%. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ti fẹ́ kọjá àlà, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí contracting officer, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àdéhùn náà, kó tó di pé wọ́n gbé iṣẹ́ síta.