Wáàsí Jímọ̀: Ẹ Má Gbé Iná Wọ Inú Àgọ́

Àsàlámù àláékúm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Ẹ jẹ́ kí n tètè wọ inú ọ̀rọ̀, nítorí ó ká mi lára.

Fọ́tò kan ló ń káàkiri orí WhatsApp lọ́sẹ̀ yìí. Ìsinmi ilé-ìwé ti dé nílùú Ọba, màmá àgbà ti wọ bàálù láti ilé wá kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ, gbogbo ìdílé sì kó jáde lọ pàgọ́ sí ẹsẹ̀ òkè. Ohun tó dára ni. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Adh-Dhāriyāt pé àwọn àmì ń bẹ lórí ilẹ̀ fún àwọn tó ní àmọ̀dájú. Kí ọmọ-ọmọ jókòó ti màmá àgbà, kí wọ́n jọ máa wo ìràwọ̀, ìkẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn màmá nínú fọ́tò náà: ààrò èédú tí wọ́n fi yan ẹran nírọ̀lẹ́ ti wà nínú àgọ́, wọ́n ti fa síìpù pa, ọmọdé mẹ́ta sì ti sùn yí i ká. Àwọn èèyàn ń kọ "Màṣà Allāhu" sábẹ́ rẹ̀!

Ibnu Abbās, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ló gba ìtàn yìí wá, ó wà nínú hádísì Abū Dāwūd. Eku kan ló ń bọ̀, ó ń wọ́ òwú àtùpà tó ń jó. Ó wọ́ ọ títí ó fi dé iwájú Ànábì, ó sì jù ú sórí ẹní kékeré tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun jókòó lé. Ẹní náà jó. Ibi tó jó níbẹ̀ kò ju owó dírámù ẹyọ kan lọ. Ojú àmì bíńtín yẹn ni Ànábì ti kọ́ gbogbo wa: tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ pa àtùpà yín, torí Ṣàìtánì a máa darí irú eku yìí sídìí irú nǹkan báyìí, a sì sun yín níná. Ẹní tó jó níwọ̀n dírámù kan ti tó Ànábì láti ṣe ìkìlọ̀. Àwa ń dúró dìgbà tí òkú bá sùn ká tó gbọ́.

Ẹ ó ní iná ti kú, ẹ̀yinná nìkan ló kù. Ẹ̀yinná yẹn gan-an ló ń pani! Èédú tí kò yọ ahọ́n iná mọ́ á ṣì máa tú gáàsì carbon monoxide jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta lójú bí èéfín. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, á gba ààyè ọ́síjìn, torí ó ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni. Màmá á rò pé ibà ni, tàbí àárẹ̀ ìrìn-àjò, wọn á tún fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹni tó ti sùn kò tilẹ̀ ní mọ nǹkan kan. Ṣíṣí ẹnu àgọ́ díẹ̀ kò tó. Sítóòfù gáàsì náà kò yàtọ̀. Àláàmù carbon monoxide wà lọ́jà, ẹ mú un dání, àmọ́ kò sọ iná di àlejò inú àgọ́. Bí orí bá ń fọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín níbẹ̀, kí gbogbo yín jáde sí gbangba, kí ẹ pe 999.

Ìgbà mélòó la ti gbọ́ "Kū anfusakum wa ahlīkum nārā", ẹ ṣọ́ ara yín àti ará ilé yín níbi Iná? Báwo lẹni tó ń ka áyà yẹn ṣe ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé iná ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́? Ẹ má fi kádàrà bo àìbìkítà mọ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé òtútù ló fà á. Ilẹ̀ ni òtútù náà ti ń wá, nítorí náà ohun tí ẹ tẹ́ sábẹ́ ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ dà borí. Bẹ́ẹ̀dì kíká dára fún orúnkún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá: ẹ tẹ́ fóòmù tàbí kúbùsù nínípọn sórí rẹ̀. Kí wọ́n bọ́ aṣọ tí wọ́n wọ̀ lójúmọ́, ó ti gba ọ̀rinrin. Kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ àti fìlà. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò rọ́bà tí wọ́n ń pè ní hot water bottle, ẹ dé e pinpin, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ tì í síbi ẹsẹ̀ wọn. Fún àlùwàlá àsùbáà, ẹ tọ́jú omi gbígbóná sínú fíláàsì lálẹ́. Arìnrìn-àjò tó bá sì wọ ìbọ̀sẹ̀ awọ lẹ́yìn àlùwàlá lè máa fi ọwọ́ tó lómi pa orí ìbọ̀sẹ̀ náà, láìfọ ẹsẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú òru rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ yan àgbà kan tí iná máa wà lọ́rùn rẹ̀. Kó bu omi kún garawa sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó rọra da omi sí èédú, kó takété sí oru rẹ̀, kó fi igi rò ó, kó tún da omi sí i, títí kò fi ní ṣe ṣììì mọ́. Kó má fi iyanrìn bò ó, torí iyanrìn ń pa ooru mọ́ ni. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ á jóná. Ìta ni ààrò máa sùn, bó ti wù kí òjò rọ̀ tó. Kó wá wọlé, kó ka Áyátúl-Kúrísíyù sórí àwọn ọmọ, kó fa síìpù.