Níbo Ni Ọkàn Ń Balẹ̀ Sí?

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí ara bá tu Yorùbá, á ní, "Ọkàn mi balẹ̀." Bí wàhálà bá dé, á ní, "Ọkàn mi ò balẹ̀." Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́: ọkàn dà bí ẹyẹ tó ń ti orí ẹ̀ka kan fò bọ́ sórí òmíràn, tí kò rí ibi bà lé. Àṣàrò ni a fẹ́ sọ lónìí, ìyẹn ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn ti ń ṣe láti ayébáyé kí ẹyẹ yẹn lè rí ilẹ̀ bà sí.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àṣàrò ni kéèyàn jókòó, kó sọ ọkàn ara rẹ̀ di òfìfo. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù rẹ̀ fi ń ba àwọn kan. Wọ́n ní ilé tó bá ṣófo, ẹ̀mí àìmọ́ á wọ ibẹ̀. Mo gba ti ẹ̀rù wọn rò. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn àṣà tí mo mọ̀, wọn kì í tú ilé náà sílẹ̀. Wọ́n máa ń so ọkàn mọ́ nǹkan kan ni.

Ìwó ni mo ti kọ́kọ́ rí i, kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Bí ìyá àgbà wa bá kírun àsùbáà tán, wọn kì í dìde. Wọ́n á jókòó sórí awọ àgbò tí wọ́n fi ń kírun, wọ́n á mú tẹ̀sùbáà. Àtàǹpàkò wọn á máa ti ìlẹ̀kẹ̀ kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Subhanallah" 33, "Alhamdulillah" 33, "Allahu Akbar" 33. Ètè wọn ń mì, ohùn ò jáde. Nínú òkùnkùn ìdájí yẹn, ìró ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kan ara wọn nìkan là ń gbọ́. Bí a bá kí wọn, wọ́n á kàn mi orí ni, títí wọ́n á fi kà á dé òpin.

Zikr ni èdè Lárúbáwá ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìrántí. Àlùkùránì sọ nínú Suratu Ra'd, ẹsẹ 28, pé ìrántí Ọlọ́hun ni ọkàn fi ń balẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtumọ̀ ẹsẹ yìí, ìjókòó ìyá àgbà yé mi. Ànọ́bì Muhammad pàápàá, kí ìṣípayá àkọ́kọ́ tó dé bá a ní nǹkan bí ọdún 610, máa ń lọ dá wà nínú ihò àpáta Hírà, lórí òkè kan lẹ́bàá Mẹ́kà.

Ẹ̀yin oníbíbélì, ẹ ṣí Jóṣúà orí 1, ẹsẹ 8. Ọlọ́run ní kí ìwé òfin má kúrò ní ẹnu Jóṣúà, kó máa ṣe àṣàrò nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹnu ló wí! "Hagah" ni Hébérù pe àṣàrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni ìwé Aísáyà lò ní orí 31 fún kìnnìún tó ń kùn lórí ẹran tó pa, ó sì tún lò ó ní orí 38 fún àdàbà tó ń ké. Ẹni tó bá ń ṣe àṣàrò nígbà náà, ẹ ó gbọ́ kíkùn rẹ̀.

Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ inú ìjọ àtijọ́, àwọn tó fi ayé sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, mú un lọ síwájú. Wọ́n á ka ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á máa pè é láti ẹnu lọ sọ́kàn. Jíjẹ àpọ̀jẹ ni wọ́n fi ń wé e. Ẹ wo màlúù tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi lọ́sàn-án gangan: koríko tó gbé mì láàárọ̀ ló pọ̀ padà sẹ́nu, tó ń rún un jẹ́jẹ́, tó fi ojú sí ọ̀ọ́kán. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe nínú èèyàn nìyẹn. Títí dòní, lórí Òkè Athos ní ilẹ̀ Gíríìsì, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ń bẹ Jésù pé kó ṣàánú fún wọn, gbólóhùn kan ṣoṣo, ní àìmọye ìgbà, pẹ̀lú okùn onírun àgùntàn tí wọ́n ta ní kókó-kókó lọ́wọ́. Bí mo bá ti rí àwòrán okùn yẹn, àtàǹpàkò ìyá àgbà ni mò ń rí.

Ti Buddha yàtọ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Siddhartha Gautama, ẹni tí wọ́n ń pè ní Buddha, jókòó sábẹ́ igi kan tó bá odán wa tan, ní Bodh Gaya, ní Íńdíà, ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Èémí ni ilẹ̀ tí ó ní kí ọkàn bà sí. Bí o bá mí sínú gùn, kí o mọ̀ pé ó gùn. Bó bá kúrú, kí o mọ̀ pé ó kúrú. Kò ní kí o fi pe ọlọ́run kankan. Ohun tó ń wá ni kí o fi ojú ara rẹ rí i pé gbogbo ohun tó dé ló ń lọ, àti pé ìrọ̀mọ́ wọn ló ń bí ìyà.

Ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Sona. Ó le mọ́ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tó ti ń rìn lọ rìn bọ̀ ṣàṣàrò. Sona ti máa ń lu ohun èlò orin olókùn tẹ́lẹ̀, nítorí náà Buddha bi í pé: bí okùn bá le jù, ṣé ó ń dún? Rárá. Bó bá dẹ̀ jù ńkọ́? Rárá. Ẹ̀yin onídùndún, ẹ mọ ohun tí ọsán ń ṣe fún ìlù. Láti Íńdíà ni orúkọ àṣàrò wọn, "dhyana", ti dé Ṣáínà tó di "chan", tó sì di "zen" ní Japan.

Nílé wa ńkọ́? Ẹni tó bá jí, tó gbé ọwọ́ lé orí, tó bá orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó kí ẹnikẹ́ni, mi ò ní sọ pé ti Buddha ló ń ṣe. Ẹ̀bẹ̀ ni, ìrántí ohun tó kúnlẹ̀ yàn ni. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti rí ibi bà lé kí ariwo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní 1979, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Jon Kabat-Zinn, mú díẹ̀ nínú ti Buddha wọ ilé ìwòsàn ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, fún àwọn tí ìrora ò fi sílẹ̀. Ó dára. Àmọ́ ara tó le ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Ìyá àgbà ń wá Ọlọ́hun.

Ẹ jẹ́ ká jókòó díẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ó di ilé. Ẹ̀yin yòókù, ẹ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí èjìká wálẹ̀. Ẹ mú èémí yín, tàbí orúkọ Ọlọ́run tẹ́ ẹ ń pè, ọ̀kan péré. Ọkàn á sá lọ sọ́jà, á sá lọ sídìí gbèsè. Ẹ má bá a jà. Ẹ rọra mú un padà, iṣẹ́ ọ̀hún gan-an nìyẹn. Mo ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ kú ìjókòó o.