Olúńdé Lójú Àwa Tí A Wà Lókè Òkun

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, èyí tí Bíyì Bándélé ṣe láti inú eré Death and the King's Horseman tí Wọlé Ṣóyínká kọ, tí ó sì jáde lórí Netflix ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti wò ó, nítorí láti ìgbà náà ni a ti ń jiyàn lé e lórí níbikíbi tí àwa ọmọ Yorùbá bá ti pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ìbáà ṣe lẹ́yìn ìsìn, ìbáà ṣe níbi ìnáwó. Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀, ìjòyè tí àṣà ní kí ó kú tẹ̀ lé ọba rẹ̀ tí ó wàjà ṣùgbọ́n tí kò kú, ni a sábà máa ń bá wí tàbí kí a gbèjà rẹ̀: ṣé ọmọge tí ó fẹ́ ní ọjọ́ ikú rẹ̀ ni ó fà á sẹ́yìn, àbí òyìnbó ni ó dí i lọ́wọ́? Ní tèmi, Olúńdé, ọmọ rẹ̀, ni ọkàn mi kì í kúrò lára rẹ̀, ohun tí mo sì ní í sọ ni pé fíìmù yìí, bí ó ti dára tó, kò fún ọmọ náà ní àyè tí ó tọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládígbòlù Kìíní wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Olókùn Ẹṣin ìgbà náà, ìyẹn ẹlẹ́ṣin ọba, Jìnádù, ni àṣà Ọ̀yọ́ là sílẹ̀ pé kí ó bá ọba rẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, nígbà tí ó ti ń jó kiri ìlú nínú aṣọ funfun, òyìnbó tí ó ń ṣàkóso àgbègbè náà pàṣẹ pé kí wọ́n mú un kí ó má baà kú. Nígbà tí Múrànà, àbíkẹ́yìn ọmọ rẹ̀, gbọ́ pé bàbá òun kò lọ mọ́, ó kú dípò rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ gbé ìtàn náà sórí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní ọdún 1964, ó sì pè é ní Ọba Wàjà. Nínú eré tirẹ̀, oníṣòwò ni ọmọ náà, Gánà ni ó sì ti ń ṣòwò kí ó tó padà wálé.

Ṣóyínká ni ó sọ ọmọ yìí di akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kembíríìjì ni òun náà wà nígbà tí ó kọ eré náà, lẹ́yìn tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà tí ó sì ti filé sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé ère Churchill tí òun máa ń rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí òun wà níbẹ̀ wà lára ohun tí ó ru òun sókè láti kọ ọ́. Eré náà di ìwé ní ọdún 1975. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó jìnnà sílé ni ó fi ọmọ tí ó jìnnà sílé sínú ìtàn náà.

Nínú ìwé, Pilkings, ọ̀gá òyìnbó, ni ó bá Olúńdé wá ọ̀nà tí ó fi dé Gẹ̀ẹ́sì, bàbá rẹ̀ kò sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí wáyà dé pé ọba ti wàjà, ẹnikẹ́ni kò ní láti ṣàlàyé fún un. Ó mọ̀ pé bàbá òun yóò tẹ̀ lé ọba, ó sì wálé láti wá sìnkú. Níbi àríyá tí àwọn òyìnbó ń ṣe fún ọmọ ọba ilẹ̀ wọn ni ó ti bá Jane, ìyàwó Pilkings, tí ó gbé ẹ̀kú egúngún wọ̀ fi ń jó. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó dúró, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Jane sọ fún un nípa ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí ó fi ara rẹ̀ àti ọkọ̀ rẹ̀ jóná ní èbúté kí àwọn yòókù má baà kú, ó sì wí i bí ohun tí kò bójú mu. Olúńdé ní ìwà akọni ni. Ó sọ fún un pé òun ti rí àwọn ọmọ ogun tí ogun àwọn òyìnbó sọ di aláàbọ̀ ara, tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn tí òun ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tí ó ti rí gbogbo èyí, tí ó wò ó fínnífínní, tí ó sì wá yàn láti kú dípò bàbá rẹ̀, a kò lè sọ pé kò mọ ohun tí ó ń ṣe.

Lójú tèmi, kíá ni fíìmù kọjá lórí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yìí. Mo mọ̀ pé fíìmù tí kò tó wákàtí méjì kò lè gba gbogbo ohun tí a kọ sínú eré náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kò bá gbọ́ ìrònú Olúńdé dáadáa, òkú rẹ̀ tí wọ́n ru wá síwájú bàbá rẹ̀ níkẹyìn a dà bí òkú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìtìjú ṣàdédé gbé lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì wò ó tán, ó ní, "Gbogbo owó tí wọ́n fi rán ọmọ yẹn níwèé, ó ṣòfò." Mi ò bá a jà, nítorí ohun tí fíìmù fi hàn án ni ó sọ. Èmi náà kò ní fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni kú irú ikú bẹ́ẹ̀ láé. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí á gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Ohun tí ó so mí mọ́ ọn kò ṣòro láti sọ. Nígbà tí bàbá tèmi kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí. Kí omijé tó dé, mo ti ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin bàbá, mo sì ti ń ro iye ọjọ́ tí ọ̀gá mi lè fún mi. Nínú ọkọ̀ òfurufú, gbogbo òru ni mo fi ń sọ fún ara mi pé mi ò ní bàbá mọ́, kí ẹsẹ̀ mi lè gbà mí dúró nígbà tí mo bá wọ ilé. Olúńdé sọ fún Jane pé láti ìgbà tí ìròyìn ti dé ni òun ti ń bá bàbá òun ṣe gbogbo ètùtù náà lọ́kàn, kí òun má baà ṣi ẹsẹ̀ gbé nígbà tí òun bá délé. Ó ti ṣọ̀fọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú bàbá kan náà wọlé láàyè, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, bàbá sì wó lulẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ọmọ. Ọmọ náà ní òun kò ní bàbá. Lẹ́yìn òru inú ọkọ̀ òfurufú yẹn, mi ò ka gbólóhùn yìí sí èébú mọ́.

Ẹ má rò pé fíìmù náà kò dùn mọ́ mi. Ọdúnladé Adékọ́lá gbé ìgbéraga àti ìfẹ́ ayé Ẹlẹ́ṣin wọ̀ débi pé a nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí a bínú sí i. Shaffy Bello ṣe Ìyálọ́jà bí àwọn ìyá tí mo mọ̀ lọ́jà nílé, tí wọn kì í pariwo kí ara ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí Brymo bá sì gbẹ́nu lé oríkì gẹ́gẹ́ bí Olóhùn-Iyọ̀, ó máa ń dùn mọ́ mi nínú pé ìtàn Ọ̀yọ́ yìí tún wà lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń sọ èdè Ọ̀yọ́. Mo sì mọ̀ pé fíìmù lè fi kún ìwé. Nígbà tí Túndé Kèlání ṣe Ó Le Kú láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní ọdún 1997, ìró kúkúrú àti bùbá tí àwọn ọmọge inú rẹ̀ wọ̀ tún gbòde, débi pé òlékù ni a ń pe aṣọ náà títí di òní. Ká ní ọwọ́ èmi ni Ẹlẹ́ṣin Ọba wà ni, ilé ìwòsàn Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni n bá kọ́kọ́ fi hàn: Olúńdé nídìí ibùsùn ọmọ ogun kan, tí wáyà náà wà nínú àpò rẹ̀.

Ó dùn mí púpọ̀ pé kò sí ẹni tí a lè bi léèrè mọ́. Bándélé kú ní Èkó ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, nígbà tí ó ku bí oṣù kan kí wọ́n fi fíìmù náà hàn ní Toronto. Kafanchan ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ jagun ní Burma, òun náà sì gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tilẹ̀ kọ ìwé lórí ogun Burma náà. Nínú gbogbo àwọn tí ìtàn yìí ti kọjá lọ́wọ́ wọn, òun ni mo rò pé ìrìn àjò Olúńdé kò lè ṣàjèjì sí rárá.

Ọba Wàjà ni mo ń retí báyìí. Kí ẹnìkan nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe fíìmù nílé gbé eré Ládípọ̀ náà jáde, pẹ̀lú ọmọ oníṣòwò tí ó ń ti Gánà bọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé wa ni wọ́n ti ná ọjà níbẹ̀ títí tí ìjọba Gánà fi ní kí wọ́n máa lọ ní ọdún 1969, a kò sì tíì fi ìrìn àjò wọn hàn tó. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ̀yin tí ẹ ti wo Ẹlẹ́ṣin Ọba, ẹ wá ìwé Ṣóyínká, kí ẹ ka ìran kẹrin rẹ̀, kí ẹ sì fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi kí n mọ ohun tí ẹ rí nínú Olúńdé.