Ilé Ìwé Tí Ọlọ́jà Àti Ará Oko Jọ Kọ́

Ẹ òkun o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọlọ́jà Kábà.

Ní ilẹ̀ wa, ìbáà jẹ́ Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, bí atẹ́gùn bá ṣí òrùlé ilé ìwé, ẹni tí òwò yẹ ni gbogbo ojú ń wò. Ọ̀nà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbà fúnni tí ìlú á fi mọ nǹkan náà ní tirẹ̀ ni mo bá wá.

Àpẹẹrẹ mi ni Julius Rosenwald, olówó Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ ọmọ aláṣọ. Júù tó ti Jámánì wá sí Amẹ́ríkà ni bàbá rẹ̀, ó ń ta aṣọ ní Springfield, ní Illinois, níbi tí wọ́n ti bí Julius ní 1862. Ní 1895 Julius ra ìpín nínú Sears, Roebuck, ilé iṣẹ́ tó ń tajà nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Ní 1908 ó di ààrẹ rẹ̀. Àgbẹ̀ tó jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù ni oníbàárà wọn. Wọ́n á fi ìwé ńlá tí àwòrán ọjà kún inú rẹ̀ ránṣẹ́, àgbẹ̀ á yan tirẹ̀, á fowó ránṣẹ́, ẹrù á sì bá a nílé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á dá owó rẹ̀ padà. Owó ará oko ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀.

Ní 1912, òun àti Booker T. Washington, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Alabama, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìwé fún ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ti pa wọ́n tì. Fèrèsé ńláńlá ni wọ́n fi sí i, nítorí kò síná. Rosenwald kọ̀, kò dá owó náà san. Ó ní kí ìjọba ibẹ̀ mú tirẹ̀ wá, kí ará abúlé mú tiwọn wá, kí ilé náà sì wà lábẹ́ ìjọba kí wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan gé igi wá, àwọn kan fi agbára ṣiṣẹ́, àwọn kan ta adìẹ, àwọn mìíràn ya oko òwú sọ́tọ̀ fún ilé ìwé. Nígbà tó fi di 1932, ilé ìwé 4,977 ti dúró ní ìpínlẹ̀ 15. Mílíọ̀nù 4.4 dọ́là ni àpò Rosenwald mú wá; àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn dá mílíọ̀nù 4.7. Ẹ gbọ́ o: owó tálákà ju ti olówó lọ!

Ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀, mi ò ní bò ó. Àwọn ènìyàn yìí ti san owó orí, wọ́n tún wá ń dáwó fún ohun tó yẹ kí owó orí wọn ṣe. Ìjọba ni mo dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n inú ilé ìwé wọ̀nyẹn ni John Lewis, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, ti kàwé ní Alabama, àti Maya Angelou, òǹkọ̀wé, ní Arkansas.

Rosenwald tún pàṣẹ pé kí wọ́n ná owó àpò náà tán láàárín ọdún 25 lẹ́yìn ikú òun. Ó kú ní 1932. Ní 1948 wọ́n ti ná an tán. Kódà Sears alára, tó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, wọ gbèsè dé kóòtù ní 2018.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́jà, kí ẹ tó kọ́ kíláàsì kan fún àdúgbò, ẹ kọ́kọ́ pe ìpàdé. Ẹ béèrè ẹni tó máa kó yanrìn, ẹni tó máa gé pákó, àti iye tí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa tún òrùlé ṣe sílẹ̀ kí ẹ tó ra páànù.